Ọkọ̀ Asáré Tòkunbọ̀: Èyí Tí Wọ́n Ti Yí Padà àbí Èyí Tó Ṣì Wà Bí Ilé Iṣẹ́ Ṣe Ṣe É?

Ìbéèrè tí àwọn ọ̀dọ́ tó fẹ́ràn ọkọ̀ máa ń bi mí jù l'Adó-Èkìtì nìyí: ọkọ̀ asáré méjì wà nílẹ̀, owó wọn sún mọ́ra, wọ́n ti ṣe oríṣiríṣi iṣẹ́ sí ọ̀kan, èkejì ṣì wà bí ilé iṣẹ́ ṣe ṣe é. Èwo ni kéèyàn rà? Ìdáhùn mi kúrú. Bó bá jẹ́ ọkọ̀ asáré àkọ́kọ́ yín nìyẹn, tó sì jẹ́ pé ojú títì Èkìtì lẹ ó ti máa wà á, ẹ ra èyí tí wọn ò fọwọ́ kàn. Àmọ́ ìdáhùn kúkúrú yìí ò lè gbà yín lọ́wọ́ oníṣòwò bí ẹ ò bá mọ ìdí rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tí wọ́n ń pè ní ojúlówó lọ́jà wa ni wọ́n ti fọwọ́ kàn ju bí ẹ ṣe rò lọ. Bẹ́ẹ̀ sì ni àwọn kan wà tí wọ́n ti yí padà, tó jẹ́ pé àwọn gan-an ló yẹ kí ẹ gbé.

Ohun mẹ́ta tí a ń dà pọ̀

Lẹ́nu àwọn tó ń ta ọkọ̀, ohunkóhun tí wọ́n bá ti ṣe sí ọkọ̀, "ọ́pígíréèdì" ni. Ohun mẹ́ta tó yàtọ̀ síra pátápátá ló sì wà nínú ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo yẹn.

Ti àkọ́kọ́ jẹ́ ti ojú. Wọ́n á mú ọkọ̀ ọdún 2010, wọ́n á yọ bọ́ńpà rẹ̀ àti iná iwájú àti ti ẹ̀yìn, wọ́n á fi ti ọdún 2018 rọ́pò. Ẹ́ńjìnnì ọdún 2010 ló ṣì wà nínú rẹ̀. Èyí ò burú bí wọ́n bá sọ fún yín. Ohun tó burú ni kí ẹ san owó ọkọ̀ tuntun fún ojú tuntun. Bí ọkọ̀ náà bá ti Amẹ́ríkà wá, ẹ wo VIN, nọ́ńbà ìdánimọ̀ rẹ̀ tó wà lábẹ́ gíláàsì iwájú. Lẹ́tà àti nọ́ńbà mẹ́tàdínlógún ni gbogbo rẹ̀, ti ìkẹwàá ló ń sọ ọdún mọ́dẹ́ẹ̀lì: 8 ni 2008, 9 ni 2009, A ni 2010, B ni 2011, ó sì ń lọ bẹ́ẹ̀ títí dé J tó jẹ́ 2018. Lẹ́tà I kò sí nínú rẹ̀.

Ti ìkejì jẹ́ ti agbára àti ìwakọ̀: tọ́bò (ohun tó ń ti afẹ́fẹ́ púpọ̀ wọ inú ẹ́ńjìnnì), bíréènì ọkọ̀ (kọ̀ǹpútà tó ń darí ẹ́ńjìnnì) tí wọ́n yí ìṣirò rẹ̀, sàlẹ́ńsà tí wọ́n là gbayawu, sípíríǹgì tó mú ọkọ̀ sún mọ́lẹ̀, rímù ńlá, bíréèkì ńlá. Òun ni ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ mi máa dá lé.

Ti ìkẹta ni àyípadà tí ẹnikẹ́ni kì í pè ní àyípadà, òun ló sì ń bà mí nínú jẹ́ jù, nítorí pé abẹ́ igi ló ti ń ṣẹlẹ̀, kò sì sẹ́ni tó ń kọ ọ́ sílẹ̀. Ọkọ̀ tó ti lo ọdún mẹ́rin márùn-ún nílẹ̀ yìí, ó ṣeé ṣe kí wọ́n ti yọ tamositáàtì rẹ̀ jù nù torí pé ó gbóná lọ́jọ́ kan. Ó ṣeé ṣe kí wọ́n ti so fáànù rẹ̀ mọ́ iná tààrà, tó fi jẹ́ pé ṣíṣáná báyìí ni fáànù á ti máa yí. Ó ṣeé ṣe kí wọ́n ti gé kátálíìsì rẹ̀, ohun tó ń fọ èéfín ọkọ̀ mọ́, tà, nítorí pé pílátínọ́ọ̀mù àti palédíọ́ọ̀mù tó wà nínú rẹ̀ lówó lórí, àwọn tó ń rà á kò sì jìnnà. Lẹ́yìn gbogbo èyí, wọ́n á wá pa iná "check engine" tó ń fẹjọ́ sùn. Ẹni tó ni ọkọ̀ náà á fi tọkàntọkàn sọ fún yín pé òun ò yí nǹkan kan padà. Òtítọ́ ló ń sọ ní ti tirẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ lórí tamositáàtì, nítorí pé ọ̀pọ̀ èèyàn gbà pé a kò nílò rẹ̀ ní ilẹ̀ olóoru. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti dá omi dúró nínú ẹ́ńjìnnì, kó má lọ sí rédíétọ̀, títí ẹ́ńjìnnì yóò fi gbóná dé ìwọ̀n tí ilé iṣẹ́ fẹ́, nǹkan bíi 80 sí 100 lórí ìwọ̀n Sẹ́ṣíọ́ọ̀sì, bí ẹ́ńjìnnì kọ̀ọ̀kan bá ṣe rí. Bí wọ́n bá yọ ọ́, omi á máa yí kiri láti ìṣẹ́jú àkọ́kọ́, ẹ́ńjìnnì ò sì ní tètè móoru. Bíréènì ọkọ̀ á máa rò pé òwúrọ̀ kùtùkùtù ló ṣì jẹ́, á máa da epo sí i ju bó ṣe yẹ lọ. Epo tí kò jóná tán á ṣàn bá ọ́ìlì, á sì máa là á. Corolla lè fara da èyí fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ẹ́ńjìnnì tí wọ́n ṣe láti máa yí lẹ́ẹ̀mẹjọ ẹgbẹ̀rún ní ìṣẹ́jú kan kò lè fara dà á. BMW mọ èyí dáadáa. M3 tí wọ́n ń ṣe láti nǹkan bí ọdún 2000 sí 2006 ní àwọn iná wẹ́wẹ́ yí aago tó ń ka bí ẹ́ńjìnnì ṣe ń yí ká, tí yóò máa kú díẹ̀díẹ̀ bí ọ́ìlì bá ṣe ń gbóná, kí awakọ̀ lè mọ ibi tí kò gbọ́dọ̀ tẹ̀ ẹ́ kọjá. Ẹni tó bá yọ tamositáàtì irú ọkọ̀ yẹn ti mú un kúrò lábẹ́ ìtọ́jú tí ẹni tó ṣe é ṣètò fún un.

Nítorí náà, kí ẹ tó bèèrè bóyá wọ́n ti yí ọkọ̀ kan padà, ẹ bèèrè èyí: ta ló ṣe iṣẹ́ náà, kí ló fi ṣe é, ṣé a lè dá a padà sí bó ṣe wà? Ọkọ̀ tí ìdáhùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá wà fún, ẹ lè jókòó sọ̀rọ̀ owó lé e lórí. Èyí tí kò bá sí ìdáhùn fún, owó rẹ̀ ì báà kéré, ẹ ò tíì mọ iye tó máa ná yín.

Bíréènì ọkọ̀ àti epo tí à ń rà

Ibí yìí ló ṣókùnkùn jù fún àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, torí pé ojú kò lè rí i.

Bíréènì ọkọ̀ jẹ́ kọ̀ǹpútà kékeré. Òun ló ń pinnu iye epo tí yóò wọlé, ìgbà tí pùlọ́ọ̀gì yóò ṣáná, àti bí tọ́bò yóò ṣe ti afẹ́fẹ́ wọ inú ẹ́ńjìnnì tó. Ẹni tó bá mọ iṣẹ́ náà lè fi kọ̀ǹpútà alágbèéká wọ inú rẹ̀ kó yí àwọn ìṣirò yẹn padà láìtú nọ́ọ̀tì kan ṣoṣo. Ẹ wo 335i tí BMW gbé jáde fún mọ́dẹ́ẹ̀lì ọdún 2007 ní Amẹ́ríkà. Ẹ́ńjìnnì lítà mẹ́ta tó ní tọ́bò méjì ni, 300 horsepower (ìwọ̀n agbára ẹ́ńjìnnì) ni ilé iṣẹ́ fún un. Yíyí ìṣirò nìkan lè gbé e kọjá 350. Ìdí nìyẹn tí ó fi ṣòro láti rí èyí tí ẹnikẹ́ni ò tíì dán nǹkan wò lórí rẹ̀.

Níbo ni àfikún agbára yẹn ti wá? Ààyè tí ilé iṣẹ́ fi sílẹ̀ fún ìṣọ́ra ni. Nígbà tí tọ́bò bá fún afẹ́fẹ́ àti epo pọ̀ nínú sìlíńdà, ihò tí epo ti ń jó nínú ẹ́ńjìnnì, ooru máa ń pọ̀ níbẹ̀. Bí ìfúnpọ̀ náà bá ju ohun tí epo lè fara dà lọ, apá kan epo yóò gbiná fúnra rẹ̀ kí iná pùlọ́ọ̀gì tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Agbára ìbúgbàù yẹn á gbá orí písítìnnì, irin tó ń lọ sókè sódò nínú sìlíńdà, bí òòlù. Ẹ lè gbọ́ ọ bí ìró kọ́-kọ́-kọ́ nígbà tí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ lórí òkè pẹ̀lú jíà gíga. Ilé iṣẹ́ ti fi ohun tó ń gbọ́ ìró náà sára ẹ́ńjìnnì, tí bíréènì á fi dín agbára kù kó tó ba nǹkan jẹ́. Àyípadà tó pọ̀ jù a máa jẹ gbogbo ààyè ìṣọ́ra yẹn tán. Ọjọ́ kan ṣoṣo tí epo ò dára tó, písítìnnì á là.

Ní Amẹ́ríkà, ní ibùdó epo kan náà, ẹ lè rí 87, 89, àti 91 tàbí 93. Nọ́ńbà yẹn ló ń sọ bí epo ṣe lè fara da ìfúnpọ̀ tó. Bó bá ṣe pọ̀ tó ni epo náà ṣe lè mú sùúrù tó kó tó gbiná fúnra rẹ̀. Ní tiwa, ẹ dé Ajílosùn, ẹ dé Báṣìrì, ẹ dé Ìkẹ́rẹ́, oríṣi bẹntiróòlù kan náà ni wọ́n ń tà fún Keke Marwa àti fún BMW. Ẹni tó ni ọkọ̀ náà ní Texas lè ti ní kí wọ́n ṣètò bíréènì rẹ̀ fún 93. Ó tún lè jẹ́ E85, epo tí ọtí ẹ́tánọ́ọ̀lù lè kó tó ìdá márùn-ún-dín-láàádọ́rùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀. Wọ́n ta ọkọ̀ náà ní ọjà gbàǹjo, ó wọ ọkọ̀ ojú omi, ó dé Èkó, ó dé Adó. Ìṣètò Texas ṣì wà ní orí rẹ̀. Kò sẹ́ni tó sọ fún un pé ó ti kúrò nílé.

Nítorí èyí, bí ẹ bá ń ra ọkọ̀ oní-tọ́bò tí wọ́n ti yí ìṣirò rẹ̀ padà, ohun àkọ́kọ́ tó yẹ kí ẹ fi sínú àdéhùn ni pé ẹni tó mọ iṣẹ́ náà yóò dá a padà sí ti ilé iṣẹ́ kí ẹ tó san owó. Bí ẹni tó ń tà á bá sọ pé kò ṣeé dá padà, torí pé tọ́bò tó wà níbẹ̀ tóbi ju ti ilé iṣẹ́ lọ, ẹ jẹ́ kí ẹlòmíràn rà á.

Ti ọkọ̀ tí kò ní tọ́bò yàtọ̀. Nissan 350Z ti ọdún 2003 ní ẹ́ńjìnnì lítà 3.5 àti 287 horsepower láìsí tọ́bò rárá. Bí wọ́n bá yí sàlẹ́ńsà rẹ̀ àti ọ̀nà tó ń gba afẹ́fẹ́ wọlé, ariwo á pọ̀ sí i gan-an, agbára á pọ̀ sí i díẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé sàlẹ́ńsà nìkan fi ọgọ́rùn-ún horsepower kún irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀, irọ́ ni. Àmọ́ nítorí pé àǹfààní rẹ̀ kéré, ewu rẹ̀ náà kéré. Irú àyípadà yìí kì í tètè ba ẹ́ńjìnnì jẹ́, ó sì rọrùn láti dá padà bí sàlẹ́ńsà àkọ́kọ́ bá ṣì wà nílé.

Ọ̀nà Ẹ̀fọ̀n

Ẹni tó bá ti wakọ̀ láti Adó gba Ìyìn, Ìgèdè, Àrámọ̀kọ dé Ìta-Awúre, tó wá kọrí sí Ẹ̀fọ̀n-Alààyè, mọ bí ọ̀nà yẹn ṣe ń gùn, tó ń sọ̀, tó sì ń kọ́rọ́. Ibẹ̀ ni mo máa ń ní kí ẹ fi ṣe ìwọ̀n nígbà tí ẹ bá ń ronú nípa ẹsẹ̀ ọkọ̀ àti bíréèkì. Ẹ má fi fídíò tí wọ́n yà ní pápá eré ìdíje ní Jámánì ṣe é.

Bí eré ọkọ̀ bá di ìlọ́po méjì, agbára tí bíréèkì gbọ́dọ̀ pa di ìlọ́po mẹ́rin. Ọkọ̀ tó ń sá 120 kìlómítà ní wákàtí kan nílò ìlọ́po mẹ́rin ohun tí èyí tó ń sá 60 nílò kó tó dúró. Gbogbo agbára yẹn, ooru ló ń dà, sára díìsìkì àti páàdì. Nígbà tí ẹ bá ń sọ̀ kalẹ̀ lórí òkè pẹ̀lú ẹsẹ̀ lórí bíréèkì, ooru náà á wọ inú omi bíréèkì. Omi bíréèkì máa ń fa omi láti inú afẹ́fẹ́ bọ́dún ṣe ń gorí ọdún, èyí tó ti gbó sì máa ń hó kíákíá. Bó bá hó, ẹsẹ̀ yín á kàn máa wọlẹ̀ ni, ọkọ̀ ò ní dúró. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń kọ ẹni tó fi agbára kún ẹ́ńjìnnì tí kò fọwọ́ kan bíréèkì. Ìdí nìyẹn náà tí mo fi ka bíréèkì ńlá ojúlówó, pẹ̀lú páàdì tó dára àti omi bíréèkì tuntun, sí àyípadà tó yẹ kéèyàn fi owó kún ọkọ̀ fún.

Sísọ ọkọ̀ kalẹ̀ sún mọ́ ilẹ̀ ni èyí tí mo kórìíra jù fún ojú títì wa. Ọ̀nà méjì ni wọ́n ń gbà ṣe é, wọn ò sì jọra. Ọ̀kan ni kí wọ́n ra ṣọ́ọ̀kì àti sípíríǹgì tí wọ́n ṣe papọ̀ fún ọkọ̀ yẹn, tó ṣeé gbé sókè tàbí kó wálẹ̀. Èyí ṣeé fara mọ́, torí pé ẹ lè gbé e sókè padà. Èkejì ni kí wọ́n fi ayùn gé sípíríǹgì ilé iṣẹ́, tàbí kí wọ́n fi iná yọ́ ọ títí yóò fi rọ̀ wálẹ̀. Irin tí wọ́n ti fi iná yọ́ ti pàdánù líle rẹ̀, kò sí ohun tó lè dá a padà. Ṣọ́ọ̀kì á máa lu ìsàlẹ̀ ní gbogbo kòtò, táyà á máa jẹ lápá inú, bọ́ńpù àkọ́kọ́ tó bá ga díẹ̀ á sì gbá abọ́ ọ́ìlì lábẹ́ ẹ́ńjìnnì. Ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnnì ló ti kú báyìí: abọ́ là, ọ́ìlì ṣàn tán, awakọ̀ ò rí iná pupa náà nítorí pé orin ń dún.

Rímù ńlá bákan náà. Rímù 20 pẹ̀lú táyà tí ògiri rẹ̀ tinrin fani mọ́ra lójú, àmọ́ kò sí rọ́bà tó pọ̀ tó láàárín irin àti kòtò. Ẹ lọ bèèrè lọ́wọ́ fọganáísà èyíkéyìí l'Adó iye rímù tí wọ́n ń nà láti ìgbà tí òjò bá ti bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí ẹ bá wà níbẹ̀, ẹ wo ara táyà ọkọ̀ tí ẹ fẹ́ rà. Nọ́ńbà mẹ́rin tó gbẹ̀yìn lẹ́yìn lẹ́tà DOT ni ọ̀sẹ̀ àti ọdún tí wọ́n ṣe é: 2319 ni ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2019. Lẹ́tà tó wà lẹ́yìn ìwọ̀n ń sọ eré tó lè gbà: T ni 190, H ni 210, V ni 240, W ni 270 kìlómítà ní wákàtí. Ọkọ̀ asáré tó wọ táyà ọdún mẹ́wàá ti sọ gbogbo ohun tó yẹ kí ẹ mọ̀ nípa ẹni tó ni ín.

Bí mo ṣe máa ń yẹ̀ ẹ́ wò

Ẹ pe ẹni tó ń tà á lálẹ́ tó ṣáájú: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, mo máa dé láàárọ̀ kùtù. Ẹ má ì tíì ṣáná sí i kí n tó dé." Bí ẹ bá dé tí bọ́nẹ́ẹ̀tì ti gbóná, ó ti ní ohun tí kò fẹ́ kí ẹ gbọ́. Ẹ́ńjìnnì tó tutù kì í lè fi àìsàn pamọ́: ẹ ó gbọ́ ìró ṣéènì, ẹ ó rí èéfín. Èyí tó ní àwọ̀ búlúù, ọ́ìlì ló ń jó. Funfun tó nípọn tí kò lọ lẹ́yìn ìṣẹ́jú díẹ̀, omi ló ń wọ inú sìlíńdà, ẹ ronú nípa tọ́ọ̀pù gásíkẹ́ẹ̀tì. Dúdú, epo ti pọ̀ jù, ẹ sì lè padà ronú nípa tamositáàtì àti bíréènì.

Lẹ́yìn náà ni síkánà, ẹ̀rọ tó ń ka kóòdù àìsàn tí bíréènì ọkọ̀ kọ sílẹ̀. Gbogbo ọkọ̀ tí wọ́n tà ní Amẹ́ríkà láti mọ́dẹ́ẹ̀lì ọdún 1996 ló ní ojú ibi tí wọ́n ń ki síkánà sí lábẹ́ dáàṣìbọ́ọ̀dù. Kì í ṣe kóòdù nìkan ni kí ẹ wò. Oníṣòwò lè pa gbogbo kóòdù rẹ́ ní àárọ̀ yẹn. Ẹ ní kí rewáyà ṣí ojú ewé tí wọ́n ń pè ní "readiness" fún yín. Ibẹ̀ ni ọkọ̀ ti ń sọ àwọn àyẹ̀wò tó ti ṣe fúnra rẹ̀ láti ìgbà tí wọ́n ti pa kóòdù rẹ́ gbẹ̀yìn. Bí ọ̀pọ̀ nínú wọn bá fi hàn pé wọn ò tíì parí, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ pa nǹkan rẹ́ tàbí yọ orí bátìrì ni. Ẹ wà á fún ọjọ́ mélòó kan, tàbí kí ẹ ní kí ẹni tó ni ín wà á, kí ẹ padà wá wò ó. P0420 ni kóòdù tó sábà máa ń jáde bí kátálíìsì bá ti kúrò tàbí tó ti kú.

Fún ọkọ̀ oní-tọ́bò, tàbí èyíkéyìí tí wọ́n ti fi agbára kún, ẹ san owó fún ìwọ̀n ìfúnpọ̀ sìlíńdà. Wọ́n á yọ pùlọ́ọ̀gì, wọ́n á fi géèjì wọn sìlíńdà kọ̀ọ̀kan. Mi ò bìkítà bí nọ́ńbà náà ṣe ga tó bí mo ṣe bìkítà pé kí wọ́n sún mọ́ra. Bí ọ̀kan bá rẹlẹ̀ ju àwọn yòókù lọ ní ohun tó ju ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún, nǹkan ti ń bàjẹ́ nínú rẹ̀.

Ẹ fa bẹ́líìtì ìjókòó jáde títí dé òpin. Nígbà tí ìjì Harvey rọ òjò sórí Houston ní Texas lóṣù kẹjọ ọdún 2017, ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ló rì sínú omi, bẹ́ẹ̀ sì ni wọ́n ṣe ń tà wọ́n lọ sí ilẹ̀ mìíràn. Wọ́n lè fọ kápẹ́ẹ̀tì, wọ́n lè fọ ìjókòó, wọn kì í sábà rántí apá bẹ́líìtì tó máa ń ká sínú. Bí ìlà ẹrẹ̀ bá wà níbẹ̀, ẹ kúrò. Ẹ wo sítíárìn náà. Bí wọ́n bá ti fi kékeré ti àwọn eléré ìdíje rọ́pò ti ilé iṣẹ́, ẹ́ábáàgì awakọ̀ ti bá a lọ, èmi ò sì ní jẹ́ kí ọmọ ìyá mi wa irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ lọ sí Àkúrẹ́.

Kí n sọ ti ìwé ní ṣókí. Nọ́ńbà ẹ́ńjìnnì àti àwọ̀ ọkọ̀ gbọ́dọ̀ bá ohun tó wà nínú ìwé mu. Bí wọ́n bá ti pààrọ̀ ẹ́ńjìnnì tàbí kùn ún ní àwọ̀ mìíràn láìtún ìwé ṣe, ẹ̀yin lẹ máa dúró ṣàlàyé fún ọlọ́pàá lójú ọ̀nà. Ẹ sọ gbogbo àyípadà náà fún ilé iṣẹ́ adójútòfò bí ẹ bá fẹ́ ra ìdójútòfò tó kún, torí pé ohun tí ẹ bá fi pamọ́ lè di ìdí tí wọn ò fi ní san. Ẹ sì ṣọ́ra fún ọkọ̀ Japan tí sítíárìn rẹ̀ wà lápá ọ̀tún tẹ́lẹ̀. Láti ọjọ́ kejì oṣù kẹrin ọdún 1972 la ti ń wakọ̀ lápá ọ̀tún ojú títì ní Nàìjíríà, apá òsì ni sítíárìn sì gbọ́dọ̀ wà. Àwọn kan máa ń gbé sítíárìn láti ọ̀tún sí òsì. Iṣẹ́ yẹn gba kí wọ́n gé irin tó wà láàárín ẹ́ńjìnnì àti ìjókòó, kí wọ́n tún jó o pọ̀. Èmi ò ní rà á, bó ti wù kó rẹwà tó.

Owó

Owó tí ẹni àkọ́kọ́ ná sórí àyípadà kì í fẹ́ẹ̀ẹ́ padà wálé nígbà tó bá ń tà á. Ìdí nìyẹn tí ọkọ̀ tí wọ́n ti yí padà fi máa ń dà bí ọjà tó rọjú. Ẹni tó ń tà á á máa kà á fún yín: "Àbúrò, rímù yìí nìkan, ṣé o mọ iye tí mo rà á?" Ohun tó rà á kọ́ lẹ wá rà. Ẹ bèèrè àwọn ẹ̀yà àkọ́kọ́ tó yọ: sàlẹ́ńsà, kátálíìsì, sípíríǹgì, rímù. Bí gbogbo rẹ̀ bá wà ní yàrá rẹ̀, tó sì máa kó wọn fún yín pẹ̀lú ọkọ̀, ẹ ti rí ẹni tó mọ ohun tó ń ṣe. Bí a bá ń sunkún, à ń ríran. Ọkọ̀ lè wù yín títí kí omi bọ́ lójú yín, ẹ ṣì lè bèèrè sàlẹ́ńsà.

Ẹ jẹ́ ká gbé méjì kalẹ̀. 350Z kan wà tó ti rin máìlì 140,000, kò sí ohun tí wọ́n fọwọ́ kàn lára rẹ̀, tamositáàtì rẹ̀ wà, síkánà kò rí nǹkan kan. 335i kan wà tó ti rin 70,000 péré, ó sún mọ́lẹ̀, kò ní kátálíìsì, wọ́n sì ti yí ìṣirò bíréènì rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ á gbé 335i torí máìlì rẹ̀ kéré àti pé ó ń sáré jù. 350Z ni màá gbé. Máìlì tí ẹ́ńjìnnì rìn láàárín ohun tí ilé iṣẹ́ ṣètò fún un sàn ju ìdajì rẹ̀ tó rìn ní ìkọjá agbára lọ. Ẹ́ńjìnnì náà kò sì ní nǹkan kan ṣe pẹ̀lú E85. Ẹ kàn wo ìwọ̀n ọ́ìlì rẹ̀ dáadáa bó bá jẹ́ ti ọdún 2005 tàbí 2006, torí pé àwọn kan nínú ti ọdún wọ̀nyẹn máa ń jẹ ọ́ìlì.

Àmọ́ ká ní ẹni tó ni 335i yẹn kó rìsíìtì jáde: ó ti pààrọ̀ pọ́ǹpù epo tó ń ṣiṣẹ́ ní ìfúnpá gíga, èyí tó ń bàjẹ́ débi pé BMW fúnra rẹ̀ fi kún iye ọdún tó fi ṣe onígbọ̀wọ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà. Ó ti pààrọ̀ pọ́ǹpù omi tó ń lo iná. Kátálíìsì àti sípíríǹgì àkọ́kọ́ wà nínú páálí. Ó gbà láti dá bíréènì padà, sìlíńdà mẹ́fẹ̀ẹ̀fà sì wọn bákan náà. Ká tún ní pé 350Z tí a pè ní ojúlówó kò ní tamositáàtì mọ́, tí fáànù rẹ̀ sì ń yí láti ìgbà tí ẹ bá ti ṣáná. Nígbà náà, 335i ni, bí ẹ bá ní mẹkáníìkì tó mọ BMW. Bí ẹ ò bá ní in, ẹ máa wá ọkọ̀ kiri.

Ẹ ṣírò táyà mẹ́rin, ọ́ìlì, omi bíréèkì àti páàdì mọ́ iye tí ẹ fẹ́ san, nítorí pé ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ ló yẹ kí ẹ ṣe gbogbo wọn, yálà wọ́n ti yí ọkọ̀ náà padà tàbí wọn ò yí i. Bí owó yín bá tó ra ọkọ̀ nìkan, ẹ wo Civic Si ti ọdún 2006 sí 2011. Ẹ́ńjìnnì lítà méjì ni, 197 horsepower, jíà ọlọ́wọ́ mẹ́fà, kò ní tọ́bò, ó sì máa ń dùn ún gùn láti Ìta-Awúre dé Ẹ̀fọ̀n láìkọjá eré tí òfin gbà.